Irú Iṣẹ́ Wo Ló Ń Múni Gbaradì fún Dídá Ilé-Iṣẹ́ Sílẹ̀?

Òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020 ti fàyè gba ẹnìkan ṣoṣo láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ìlẹ̀kùn ti ṣí. Ta ni ó wá gbaradì láti wọlé?

Lójú tiwa, ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó. Iṣẹ́ tó bá kọ́ni ní ìṣirò owó àti ìwà oníbàárà ni ìpìlẹ̀ tó dára jù. Iṣẹ́ báńkì ni Fọlá Adéọlá àti Táyọ̀ Adérìnókun ti ń ṣe kí wọ́n tó dá GTBank sílẹ̀ lọ́dún 1990. Fọlọ́runṣọ́ Alákijà ṣe akọ̀wé, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, kí ó tó kọ́ aṣọ rírán, tó sì dá ilé-iṣẹ́ aránṣọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì náà kò gbẹ́yìn. Kí ó tó gba fìrídọ́ọ̀mù, ó ti mọ iye ọjà, ó sì ti mọ oníbàárà ajẹgbèsè. Àìkọ́ àkọsílẹ̀ owó ló máa ń pa ọ̀pọ̀ wọn lára: owó ilé a dà pọ̀ mọ́ owó iṣẹ́.

Ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa, kí ẹ tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò ra ọjà yín àti èrè tí yóò kù lẹ́yìn ìnáwó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.