Ọ̀sẹ̀ Kan Lọ́dún, Gbèsè Lójoojúmọ́

Wọ́n ní n kò ní ìtẹríba. Ẹnu àwọn ẹbí mi gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìfọ̀, nígbà tí a ṣe ìnáwó ìyá àgbà wa tán. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò sì ju ẹyọ kan lọ: mo gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kan. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi níwájú yín, kí ẹ wá bá wa dá a.

Àbúrò bàbá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Dádì Lọ́ńdọ̀nù, ló gbé ìwé náà wálé. Ní ọdún 2001, àwọn àti ìyàwó wọn lọ gba ìsinmi ní Tenerife, erékùṣù kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ Spéìn. Ọmọbìnrin kan pàdé wọn létí òkun, ó ní wọ́n ti jẹ ẹ̀bùn, kí wọ́n wá gbà á ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n fi nǹkan mímu ṣe wọ́n lálejò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ dídùn há wọn mọ́bẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Dádì ti fọwọ́ sí £9,000 fún ọ̀sẹ̀ kan. Kì í ṣe ilé o! Ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé ni. Lọ́dọọdún, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún ni yóò máa jẹ́ tiwọn nínú yàrá méjì kan báyìí.

Nísinsìnyí, àgbà ti dé, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn kò lè máa sáré kiri pápákọ̀ òfuurufú mọ́. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ní £1,500 péré. Wọ́n ní, "Bí ọ̀fẹ́ ni mo ṣe fún ọ yìí o, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ọ́. Ọ̀sẹ̀ rẹ dájú lọ́dọọdún. Ó wà nínú ìwé!"

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n lo ọdún márùndínlógójì nídìí ṣọ́ọ̀kì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Owó ìfẹ̀yìntì wọn wà ní báńkì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún: ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Ìbàfò ti dé líntẹ́ẹ̀lì, òrùlé ló kù. Òjò ọdún méjì ti rọ̀ sínú ilé yẹn. Owó páànù ni wọ́n fẹ́ fi ra ọ̀sẹ̀ kan létí òkun Spéìn. Ṣé kí n wá dákẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọjà náà jẹ́, nítorí kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò wa. Òyìnbó ń pè é ní timeshare. Èmi yóò máa pè é ní ilé alọ́sẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Switzerland àti lórí àwọn òkè ilẹ̀ Faransé. Ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta ló wà nínú ọdún. Dípò kí ẹnì kan ra yàrá náà, ilé-iṣẹ́ yóò tà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn. Ní 1974, tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà dá ilé-iṣẹ́ RCI sílẹ̀, kí àwọn tó ní ọ̀sẹ̀ lè máa fi tiwọn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. N kò sọ pé gbogbo wọn ni olè. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó lówó lọ́wọ́, tó sì ń lọ síbi kan náà lọ́dọọdún, ó lè gbádùn ẹ̀. Dádì pàápàá gbádùn ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. A rí fọ́tò wọn pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé létí omi. Ìbéèrè tèmi ni pé kí ni tíṣà tó fẹ̀yìn tì ní Ìfọ̀ fẹ́ fi ṣe?

Ìdí kìíní tí mo fi gba bírò nìyí. £1,500 yẹn kì í ṣe iye ọjà náà rárá. Owó àtiwọlé ni. Ọdọọdún ni ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó ibẹ̀ ń gba owó ìtọ́jú: owó ọ̀dà, owó adágún ìlúwẹ̀ẹ́, owó àwọn tó ń tún ibùsùn ṣe. Ìwé tí Dádì gbé wá fi hàn pé £600 ni wọ́n san kẹ́yìn. Bí wọn kò bá tilẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé e mọ́, ogún ọdún yóò gba £12,000. Ẹ̀yin ìyá olówó ìfẹ̀yìntì, ẹ gbọ́ o! O lọ tàbí o kò lọ, wàá san án. Ara rẹ yá tàbí ara rẹ kò yá, wàá san án.

Àwọn bàbá wa mọ irú nǹkan yìí, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ kì í ṣe ìsinmi. Bí ènìyàn bá yáwó láyé àtijọ́, tí kò rí i san, a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ṣe lóko olówó, èlé ni wọ́n kà á sí. Kò yọ ẹyọ owó kan kúrò nínú gbèsè. Ọdún a gorí ọdún, owó a ṣì wà níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìtọ́jú yìí. Ogún ọdún tí o fi san án kò sọ ọ́ di onílé. Àwọn ìwé àdéhùn kan tilẹ̀ wà tó sọ pé bí ẹni tó rà á bá kú, ẹrù náà yóò bọ́ sọ́rùn àwọn tó jogún rẹ̀. Ṣé ogún nìyẹn àbí ìyà?

Ìdí kejì: wọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà dájú. Ta ni ó dá lójú? Yàrá lè dájú o, ṣùgbọ́n físà ńkọ́? Ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ wọ Spéìn gbọ́dọ̀ gba físà Schengen. Láti oṣù kẹfà 2024, €90 ni àgbàlagbà ń san kí wọ́n tó yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọn kì í sì í dá a padà bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Ìwé ilé alọ́sẹ̀ kò pàṣẹ fún ẹni tó ń fúnni ní físà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi padà sílé, ọ̀sẹ̀ wọn yóò kọjá lọ bí ọkọ̀ ojú irin tó ti fi èrò sílẹ̀, owó ìtọ́jú yóò sì dé ní àsìkò tirẹ̀. Dádì kò rí èyí rò, torí pé ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ló wà lápò wọn nígbà tí wọ́n ra tiwọn.

Ìdí kẹta fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ló máa ń bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá ń gbé Mówè tàbí Ìbàfò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ. Ìgbà náà ni Ìjọ Ìràpadà ń ṣe àpèjọ ńlá wọn ní ibùdó wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi kì í pa àpèjọ yìí jẹ. Aṣọ funfun wọn ti máa ń gbá lórí ìjókòó kí oṣù keje tó parí. Mo bi wọ́n pé, "Sístà mi, ọ̀sẹ̀ àpèjọ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín yìí. Ṣé ẹ ó fi àdúrà sílẹ̀ lọ máa yá oòrùn ní Spéìn ni?" Wọn kò dáhùn. Dádì ló dáhùn, wọ́n ní a lè pààrọ̀ ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni?" Wọ́n ní rárá, owó wà fún ìyẹn náà. Hẹ̀n-ẹ́n! Owó lórí owó.

Ìdí kẹrin ló bí Dádì nínú jù. Mo bèèrè pé, bí ọjà yìí bá dára, kí ló dé tí wọ́n fi wá oníbàárà fún ọdún mẹ́fà láàárín gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, tí wọn kò rí ẹyọ kan? Ohun tí wọ́n ra ní £9,000, kí ló sọ ọ́ di £1,500? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé alọ́sẹ̀ kì í sábà ní iye lórí nígbà àtúntà. Àwọn kan ń gbé e síta ní pọ́n-ùn kan ṣoṣo, kí wọ́n ṣáà lè bọ́ nínú owó ìtọ́jú. Ẹni tó ra ti àtúntà kò rí ọ̀pọ̀ rà. Ẹrù ẹlòmíràn ló gbé rù.

Àwọn òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ewu wà nínú ọjà yìí. Ìlú Ọba ṣe òfin lé e lórí ní 1992, Yúróòpù ṣe tiwọn ní 1994, wọ́n sì tún un ṣe ní 2008. Òfin 2008 yẹn fún ẹni tó bá rà á ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti yí ọkàn padà, ó sì ní ọlọ́jà kò gbọdọ̀ gba owó kankan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ó tún ka owó àsanṣáájú léèwọ̀ fún àwọn alárinà tó ní àwọn yóò bá ọ tún un tà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa: láàárín oníṣòwò àti oníbàárà ni òfin náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò sí nínú rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń ta nǹkan fún ara wọn ní pálọ̀ ní Ìfọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá fọwọ́ sí i lónìí, ta ni yóò ka ọjọ́ mẹ́rìnlá fún wọn?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan sọ ọ́ lójú mi: "Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ilé alọ́sẹ̀, ṣé ilẹ̀ Mówè tí ẹ ń rà kò ní gbájú-ẹ̀ ńnú ni?" Ó rí ọ̀rọ̀ sọ, n kò sì ní purọ́. Èmi náà ti ra ilẹ̀ àtúntà rí ní ẹ̀yìn Ìbàfò. Ìwé owó tí ẹni àkọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ ni ó nà sí mi, mo sì sanwó. Nígbà tí mo kó búlọ́ọ̀kù débẹ̀, ẹbí onílẹ̀ ní àwọn kò mọ̀ mí, mo tún san òmíràn. Mo san owó ìpìlẹ̀, mo san owó dẹ́kì, mo san owó òrùlé. Láti 1978 ni òfin ilẹ̀ ti sọ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gómìnà kí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin líle lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fojú di ìwádìí, ẹkún ni yóò sun.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan wé èkejì. Lẹ́yìn gbogbo ìyà tí ọmọ onílẹ̀ fi jẹ mí, mo ń sùn nínú ilé mi lálaalẹ́, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún. Bí mo bá fẹ́, mo lè fi yàrá kan háyà. Àwọn ọmọ mi lè jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn mi láìsan £600 fún ẹnikẹ́ni. Ìyà ilẹ̀ ní òpin. Ìwé Dádì kò ní òpin nínú. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí ọdún tí yóò parí. Bẹ́ẹ̀ a ní tiwa tó jọ ọ́, tó sì sàn jù ú lọ. Nínú èésú, bí o bá kó tìrẹ tán, tí o sì dá ti ẹgbẹ́ rẹ pé, o lómìnira. Nínú àárọ̀, a ro oko tìrẹ lónìí, a ro tèmi lọ́la, gbogbo wa a sì túká.

Ohun tí kò ní òpin yẹn náà ló lè gba Dádì sílẹ̀, ìdí sì nìyí tí n kò fi gbà pé mo dojú tì wọ́n. Ní oṣù kìíní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Spéìn dájọ́ pé àdéhùn ilé alọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí òfin wọn ti 1998 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tó sì ju àádọ́ta ọdún lọ tàbí tí kò ní òpin, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọdún 2001 ni Dádì ra tiwọn. Dípò kí wọ́n máa wá ọmọ ẹbí tí wọn yóò gbé e rù, kí wọ́n gbé ìwé náà lọ bá lọ́yà gidi. Kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà pé àwọn fẹ́ dá a padà. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe àgbàlagbà lórí fóònù pé kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó, àwọn yóò yọ wọ́n. Olè tó ń tọ ẹsẹ̀ olè ni ọ̀pọ̀ wọn.

N kò pe Dádì ní ẹlẹ́tàn. Wọ́n kọ́kọ́ tan àwọn náà jẹ ni. Àmọ́ ẹni tí ejò bù jẹ kò gbọdọ̀ wá ju ejò náà sínú ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà kan bá sì wà lọ́jà tó fẹ́ kí ó wọ́, ṣé ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ni? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi kò tíì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni Dádì ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ gbọ́ ìdáhùn kí àwọn tó lọ. Àwọn ẹbí ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì. Màá dọ̀bálẹ̀, mo ti sọ ọ́. N ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Dádì nítorí pé bàbá mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, màá gba ọ̀nà Ìbàfò lọ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi, kí a jọ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta páànù.