Ẹni Tí Ó Fín Lọ́fíńdà Kọ́ Ni Adájọ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jọ ọ̀rọ̀ ńlá lójú, nítorí pé ọ̀rọ̀ òórùn dídùn ni. Ṣùgbọ́n òun ni ó lé bàbá àgbàlagbà kan kúrò ní mọ́sáláásí ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn oṣù Ràmàdáánì, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Bí mo bá bò ó mọ́lẹ̀, ara mi kò ní balẹ̀.

Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọkọ ọmọ mi kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Dubai fi ìgò lọ́fíńdà kan ránṣẹ́ sí mi ní Ìkòròdú. Ìgò dúdú ni, ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan pé ti ọkùnrin ni, àti pé alẹ́ ni kí Bàbá máa lò ó. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó kọ́kọ́ sá jáde. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kejì ó ti lọ, ó ku òórùn igi, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là tí oje rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kànáfùrù wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn kànáfùrù, nǹkan kan wà tí ó dùn tí ó sì gbóná, bí èéfín tùràrí tí ó ti wọ inú aṣọ àrán láti ọdún mélòó kan. Kí n má purọ́, inú mi dùn, mo rò pé mo ti di ènìyàn ńlá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ń múra fún ìrun àsámù, mo fín in sí ọrùn, mo fín in sí àyà àti ọrùn ọwọ́ méjèèjì, mo fín in sí dàńṣíkí, mo fín in sí fìlà. Kò pẹ́ tí n kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Mo ní àbí ayédèrú ni ọmọ yìí rà? Mo tún fín ẹ̀ẹ̀mẹta lé e, mo gba mọ́sáláásí lọ.

Bàbá kan wà tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀gbẹ́ mi ni ó sì máa ń dúró sí. A tò, èjìká kan èjìká, bí wọ́n ti kọ́ wa. Kí Lèmọ́mù tó parí Fátíhà àkọ́kọ́ ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Nígbà tí a sálámà rákà méjì, ó yẹra sí ẹ̀yìn. Nígbà tí a tún sálámà, ó ti bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ikọ́ àgbà ni, mo bá a tọrọ àlàáfíà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, kò wá mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ́ ẹní fún wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní: "Àlájì, ẹ má bínú. Lọ́fíńdà yín ni Bàbá ń sá fún. Ikọ́ fée ń ṣe wọ́n. Ilé ni wọ́n ti ń kírun báyìí."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí gbogbo wa ń wá ní àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn. Òru Láílátù Kádírì ni. Mo wá fi ìgò kan dí i mọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá òun yóò rí Ràmàdáánì mìíràn. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ilé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. (Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi jiyàn lórí ìdọ̀bálẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ dúró di ọ̀sẹ̀ mìíràn.) Èsì tí Bàbá fún mi, n ó wí i nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tí ń lo irú òórùn yìí léèrè ohun tí wọ́n rí sí i. Wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá lọ síbi yìgì tàbí wòlíímà ní Ìkòròdú lónìí, ẹ óò gbọ́ òórùn igi àti tùràrí lára àwọn ọkùnrin kí ẹ tó rí ojú wọn. Onígbàjámọ̀ kan ní Sábó sọ fún mi pé òun kò kábàámọ̀ owó tí òun san: "Bàbá, tí mo bá fín in ní alẹ́ Sátidé, ó ṣì wà lára aṣọ mi ní ọjọ́ Ajé." Tíṣà ọ̀dọ́ kan ní tòun, ìgbàkúùgbà tí òun bá kọjá, àwọn ènìyàn á bojú wẹ̀yìn. Mo bi í bóyá wọ́n ń bojú wẹ̀yìn nítorí pé ó dùn ni, àbí nítorí pé ó pọ̀. Ó ní òun kò rò ó rí. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀ ni ó sọ èyí tí ó wọ̀ mí lára jù, òun kì í sì í lo lọ́fíńdà kankan. Ó ní bí wọ́n bá gbé agbádá àwọn oníbàárà kan wá fún àtúnṣe, ìta ni òun máa ń kọ́kọ́ sá a sí, nítorí orí fífọ́.

Ṣé ẹ rí i pé ẹni tí ó fín in ń yin ara rẹ̀, ẹni tí kò fín in ni ó ń sọ bí ó ti rí?

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn Ìtúnnu, mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ìlú tí ìmàle ti pẹ́ níbẹ̀ ni Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, ibẹ̀ ni ó tẹ̀dó sí títí di 1862, mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Níbi àpèjẹ náà ni mo ti jókòó ti ọkùnrin kan tí ń ta ẹja ní ọjà Olúwo. Òórùn igi ń ti ara rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó tẹ̀ sọ́dọ̀ mi láti bu omi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Mo bi í léèrè bí ó ti ń ṣe é.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Àlájì, imú tí ó ti gbé inú ẹja fún ogún ọdún, kí ni ó tún fẹ́ mọ̀? Ìyàwó mi ni mo máa ń bi." Ó ní bí òun bá ti ọjà dé, òun a fi ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn wẹ̀ títí ara yóò fi dá ṣáká, nítorí pé bí lọ́fíńdà bá bá òórùn ẹja lára ènìyàn, àwọn méjèèjì á máa jà ní ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Mágàríbì ni òun tó kan díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí kọ̀ọ̀kan, òun kò sì ní jáde nílé títí Ìṣáì yóò fi kù díẹ̀. "Bí ìyàwó mi bá gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, ó ti pọ̀ jù. Bí ó bá gbọ́ ọ nígbà tí ó ń gbé oúnjẹ ka iwájú mi, ó tó."

Ọkùnrin yìí kò ka ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa imú ni ó sọ. Bí òórùn kan bá dúró sí wa lára, láìpẹ́ imú wa á ṣíwọ́ gbígbọ́ ọ, kì í ṣe pé òórùn náà lọ, imú ni ó ti di adití sí i. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ń yan ẹja kì í gbọ́ òórùn èéfín lára ara rẹ̀. Èmi tí mo fín ẹ̀ẹ̀mẹta lé e, adití ni mí nígbà náà, mo sì ń pariwo. Ẹ fi ti ooru kún un. Ooru ni ó ń mú òórùn fò kúrò lára; ohun tí ó rọra ń jáde níbi tí òtútù wà, ní etí ọ̀sà wa yìí, á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù á sì pín in kárí. Sípírítì àti òórùn ọsàn ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Igi àti oje igi wúwo, wọn kì í tètè fò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá aṣọ sùn. Ẹni tí ó ní alẹ́ ni kí a lo irú rẹ̀ kò ṣàṣìsọ.

Igi tí ó sì gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀, úùdù, ní ìtàn tirẹ̀. Inú igbó Assam ní Íńdíà, Kàm̀bódíà àti Indonesia ni igi náà ti ń hù. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká, kò ní òórùn kan gbòógì. Ìgbà tí ó bá fara gbọgbẹ́ tí olú kan bá wọ inú ọgbẹ́ náà ni igi á máa sun oje dúdú láti fi gba ara rẹ̀ là, oje yìí ni òórùn náà wà. Wọ́n ti gé e débi pé láti ọdún 1995 ni òfin àgbáyé ti ń ṣọ́ òwò èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ìgò "úùdù" ní owó pọ́ọ́kú, kí ó mọ̀ pé ilé ìpo-oògùn ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ó má fi yan fún wa. Ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín pé nígbà tí ilé Yves Saint Laurent ní Paris gbé lọ́fíńdà ọkùnrin kan tí ń jẹ́ M7 jáde ní ọdún 2002, ohun tuntun ni àwọn òyìnbó pe úùdù inú rẹ̀. Àwọn Àlájì wa ti ń gbé e bọ̀ láti Mẹ́kà nínú ìgò tí kò tó ìka ọwọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ti bàbá tèmi, Bint el Sudan ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á mọ̀ ọ́n, ìgò kékeré tí àwòrán ọmọbìnrin Súdáànì wà lára rẹ̀. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Eric Burgess ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Khartoum ní ọdún 1920. Òróró ni, kò ní ọtí nínú, ìyẹn ni àwọn mùsùlùmí fi gbà á jákèjádò Áfíríkà. Bàbá mi a máa fi ìdérí rẹ̀ kan ọrùn ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ Jímọ̀, ó tán. Ìgò kan a máa lo ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ti sípírítì tí ó wà nínú èyí tí à ń fín, ẹnu àwọn aáfáà kò kò lé e lórí. Kí oníkálukú bi aáfáà tirẹ̀, kí a má sì sọ ọ́ di ìjà nínú mọ́sáláásí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò kọ̀wé sí mi. Wọn yóò ní, ṣebí Ànọ́bì wa, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fẹ́ràn òórùn dídùn, kì í sì í kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá fún un? Òótọ́ ni. Ṣebí ó ní kí a wẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí a sì kun òórùn dídùn bí a bá ní i? Òótọ́ ni, ẹ ṣáà kíyè sí i pé ìwẹ̀ ni ó ṣáájú. Ṣebí ó wá nínú hádíìsì pé èyí tí òórùn rẹ̀ hàn tí àwọ̀ rẹ̀ pamọ́ ni ti ọkùnrin? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí òórùn hàn yàtọ̀ sí kí ó gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ànọ́bì kan náà ni ó sọ fún ẹni tí ó jẹ ááyù tàbí àlùbọ́sà pé kí ó takété sí mọ́sáláásí. Ááyù kì í ṣe háráàmù. Ìnira tí ó ń fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó fa òfin náà. Bí oúnjẹ hàláàlì bá lè lé mi jáde nítorí ẹlòmíràn, n kò rí ohun tí lọ́fíńdà hàláàlì fi jù ú lọ. Ẹ sì rántí pé imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo mọ́sáláásí Ànọ́bì ní Mẹ̀dínà, àgbàlá rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Tiwa, a ti fèrèsé rẹ̀ nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

Ṣé kí á wá máa rùn ni? Rárá o. Òógùn àná ń lé ènìyàn ju úùdù lọ. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni ti ọkùnrin ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ yẹn, èyí tí mo sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyẹn: ẹ wẹ̀, ẹ kan díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ sì bi ẹni tí ó ní imú yàtọ̀ sí ti yín. Ní mọ́sáláásí, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ní ti Bàbá, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní kí n dìde, ó ní òun kò bínú. Ó ní òórùn náà gan-an wu òun, pé bàbá òun mú irú rẹ̀ dé láti Mẹ́kà, àyà òun ni kò gbà á. Ó padà wá ní alẹ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó dúró sí àyè rẹ̀, mo sì ti fi ọṣẹ lásán wẹ̀. Kí a tó túká, ó ní kí n gbé ìgò náà wá fún òun ní ọjọ́ Ìtúnnu.

Mo gbé e lọ. Abẹ́ igi níta ni ó jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó na ọwọ́ jìnnà sí imú, ó fà á símú lẹ́ẹ̀kan. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ìgò náà fún mi. Ó ní: "Òun náà ni. Dé e."