Ẹ Má Tíì Pe Oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Òǹkàwé wa kan ní Sùúrùlérè kọ̀wé pé nínú ẹrù tí bàbá òun fi sílẹ̀, irin wúwo kan wà tó ní ẹnu méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, tó sì ní sukúrù gígùn tí a fi ń fún ẹnu náà pọ̀. Ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta ni bàbá náà ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe láti ayé ìjọba amúnisìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé irin náà fún oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù kó wọ̀n ọ́n. Òun ní tirẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi irin ṣe àga àti tábìlì. “Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ni ó wí, “mi ò fẹ́ kí a tà á tán kí n tó mọ ohun tó jẹ́.”

Àwòrán tó fi ránṣẹ́ fi hàn pé fáìsì dírílì ni. Fáìsì tí a ń dè mọ́ tábìlì iṣẹ́ ga, ó sì sábà máa ń ní ibi pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn tí a lè lu irin lé. Ti dírílì kúrú, abẹ́ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, ihò gbọọrọ tàbí etí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún bọ́ọ̀tù. Ọ̀pọ̀ wọn ní ojú kòtò tóóró lára ẹnu, èyí tó ń di ọ̀pá róbótó mú. Bí ẹ bá fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ tí ẹ rí orúkọ Record, ilé iṣẹ́ C. & J. Hampton ti ìlú Sheffield ní England ló ṣe é, àwọ̀ búlúù ni wọ́n sì máa ń kùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ má fi sáńdípépà gbígbẹ ha ọ̀dà àtijọ́, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, pàápàá bí ọmọdé bá wà nínú ilé.

Orúkọ kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Irin dídà ni ọ̀pọ̀ fáìsì wọ̀nyí, irin tí a yọ́ tí a sì dà sínú iyanrìn. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Ńṣe ló máa ń ṣẹ́. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù lu ọwọ́ sukúrù rẹ̀ kó lè fún. Láti mọ̀ bóyá ó ti sán, ẹ da karosíìnì sí ìdí ẹnu tí kì í rìn àti ẹ̀gbẹ́ ihò bọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Bí ibẹ̀ bá sán, karosíìnì á yọ jáde, á fa ìlà dúdú sára funfun. Bí ẹ bá rí ìlà aláwọ̀ idẹ, ẹnìkan ti fi idẹ jó o pọ̀ rí. Èmi kò ní fi ọkàn tán irú rẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá. Bí sukúrù nìkan ló jẹ, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ léètì gbẹ́ irin ní Múṣín lè ṣe òmíràn. Àwọn ihò kéékèèké tí ẹ ó rí nínú ikùn rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí kò fi igi sábẹ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó lu ihò.

Ìka ọwọ́ ni ohun tó wà nínú ewu. Àwọn kan máa ń fi ọwọ́ kan di fáìsì mú, kí wọ́n fi èkejì fa dírílì wálẹ̀, ó sì máa ń lọ dáadáa títí bíìtì yóò fi fẹ́ já sí òdìkejì. Níbẹ̀ ni etí bíìtì ti máa ń kọ́ irin tín-ín-rín tó kù, tí yóò sì gbé iṣẹ́ àti fáìsì yí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró. Ẹ fi bọ́ọ̀tù méjì dè é mọ́ tábìlì dírílì. Bí bọ́ọ̀tù kò bá ṣeé lò, ẹ gbé e kí apá rẹ̀ gígùn wà lọ́wọ́ òsì, kó fara ti òpó ẹ̀rọ. Bí bíìtì bá fẹ́ yí i, òpó ni yóò gbá, kì í ṣe ikùn yín. Bíìtì 10 mm nínú irin rírọ̀ kò nílò ju bí 800 yípo lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí ó bá sì ti fẹ́ já, ẹ dẹ ọwọ́.

Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ kúrò, nítorí bíìtì lè wé e mọ́ ara pẹ̀lú ọwọ́ inú rẹ̀. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ di irun, ẹ wọ awò ojú, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀rún irin.

Ọ̀kan ṣì kù tí ìwé àwọn òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí bíìtì ṣì wà nínú irin, ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí i jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pa suwíìṣì, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà.