Àlejò tó jí abúlé dìde, òun náà ló lè pa á

Ìlú mélòó lẹ ti bá mọ́tò kọjá nínú rẹ̀ tí ẹ kò lè sọ ohun kan ṣoṣo nípa rẹ̀? Mọ́tò a máa gbé èèyàn dé ibi tó ń lọ, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kó rí ibi tó ń gbà kọjá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún, bí ìgbà ooru bá ti dé nílẹ̀ Faransé, àìmọye èèyàn ló máa ń fi mọ́tò sílẹ̀, tí wọ́n á gbé àpò méjì kọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, tí wọ́n á sì gba ẹ̀bá odò lọ láti abúlé dé abúlé. Ẹ má rò pé tálákà tí kò rówó ọkọ̀ san ni wọ́n o. Àwọn tó lówó wà nínú wọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú wọn, tọkọtaya tó kó ọmọ dání sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń wá kiri, àti ohun tí wíwá wọn ń ṣe fún àwọn abúlé náà, ni mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní abúlé tó ń pè ní tirẹ̀.

Ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul de Vivie, tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí Vélocio, jókòó sí ìlú Saint-Étienne, ó sì ń fi ìwé ìròyìn rẹ̀, Le Cycliste, polongo rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 1930. Òun ló kọ́ wọn pé kí arìnrìn-àjò jẹun kí ebi tó pa á, kó mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ ẹ́, kó má sì tìtorí ṣekárími gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ọdún 1936 gan-an ni ọ̀nà là fún mẹ̀kúnnù. Lọ́dún náà ni ìjọba Léon Blum ṣòfin pé gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un pé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò lọ ìsinmi rí láyé wọn ronú ohun tí wọn yóò fi rìn. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn jáde nílùú.

Bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere, ẹ jẹ́ ká lọ sí àfonífojì odò Dordogne, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé. Odò náà ṣẹ̀ láti orí òkè Sancy, ó sì ṣàn tó nǹkan bíi 480 kìlómítà kó tó pàdé odò Garonne nísàlẹ̀ Bordeaux. Láyé àtijọ́, odò yìí ni títì wọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ a máa kó igi tí wọ́n fi ń kan àgbá wáìnì sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní gabarre, wọn a sì bá omi lọ. Nítorí pé ọkọ̀ náà kò lè dojú kọ omi padà sókè, bí wọ́n bá ti já ẹrù tán, wọn a tú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ palẹ̀, wọn a tà á bí igi, wọn a sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Nígbà tí rélùwéè dé ní bí 150 ọdún sẹ́yìn, òwò ojú omi kú. Láàrin ìgbà kan náà ni kòkòrò kékeré kan, phylloxera, wọ oko àjàrà wọn, tó sì jẹ gbòǹgbò rẹ̀ run. Àwọn ọ̀dọ́ gbé ẹrù, wọ́n gba ìlú ńlá lọ. Ogun àgbáyé kìíní, láti 1914 sí 1918, wá kó nínú àwọn tó kù. Ọmọ ogun Faransé tó lé ní 1,300,000 ló kú nínú ogun náà, ó sì ṣòro kí ẹ dé abúlé kan níbẹ̀ lónìí kí ẹ má bá òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó lọ tí wọn kò bọ̀ sí. Báyìí ni abúlé ń dahoro. Àwọn tó ṣẹ́kù kò rówó wó ilé àtijọ́ kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Òṣì ló bá wọn pa ilé bàbá wọn mọ́.

Nígbà tó yá, àwọn kan rí i pé ohun tí òṣì pa mọ́ yìí, ọrọ̀ ni. Lọ́dún 1962, André Malraux, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ àṣà, mú òfin jáde pé kí wọ́n yéé wó àárín ìlú àtijọ́, kí wọ́n máa tún un ṣe. Sarlat, tí kò jìnnà sí odò náà, wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Ní 1982, Charles Ceyrac, olórí ìjọba ìbílẹ̀ Collonges-la-Rouge, abúlé tí gbogbo ilé rẹ̀ jẹ́ òkúta pupa, kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ jọ. Abúlé 66 ló fọwọ́ sí i, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Àwọn Abúlé Tó Rẹwà Jù Lọ ní Faransé sílẹ̀. Abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ bá ju 2,000 lọ kò lè wọ̀ ọ́. Lónìí, abúlé inú ẹgbẹ́ náà ti lé ní 170.

Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ wá dé. Láti Cazoulès dé Sarlat, ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ló ń gùn. Rélùwéè tó pa òwò ọkọ̀ ojú omi, òun náà ti kú níbẹ̀, wọ́n ti hú irin rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ti fi ọ̀dà tẹ́ ojú ọ̀nà náà fún kẹ̀kẹ́. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ sétí odò, yóò kan La Roque-Gageac, tó fẹ̀yìn ti àpáta gíga. Àpáta náà ń gba oòrùn sára débi pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń hù níbẹ̀, nílẹ̀ tí òtútù ti ń mú. Àpáta yìí kan náà ló ya lu àwọn ilé nísàlẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1957, tó pa èèyàn mẹ́ta. Síwájú díẹ̀, ilé olódi Beynac àti ti Castelnaud ń wo ara wọn láti òdìkejì odò, bí wọ́n ti ń wo ara wọn nígbà tí ọba Faransé àti ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jagun láàrin 1337 sí 1453.

Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò lè sáré kọjá gbogbo èyí. Kò lè ru oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá rin 50 tàbí 60 kìlómítà lóòjọ́, ebi yóò pa á, yóò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ará abúlé, yóò sì wá ibi tí yóò sùn. Àwọn ilé ìtura tó bá fẹ́ gba àmì Accueil Vélo gbọ́dọ̀ wà láàrin kìlómítà márùn-ún sí ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì ní ibi ààbò tí wọn yóò ti kẹ̀kẹ́ mọ́ àti irinṣẹ́ tí a fi ń tún un ṣe. Àlejò tí bọ́ọ̀sì já sílẹ̀ ń kọ́? Ó lè ya fọ́tò tán láàrin wákàtí kan, kó sì máa lọ. Ariwo àti pàǹtírí nìkan ló lè kù fún ará ilé.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Nítòsí Castelnaud ni ilé olódi Milandes wà, tí Josephine Baker, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó di ìlúmọ̀ọ́ká nílẹ̀ Faransé, rà lọ́dún 1947. Ó gba ọmọ méjìlá tọ́ níbẹ̀, láti oríṣiríṣi ẹ̀yà. Ó kọ́ ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti ibi ìṣeré, kí àlejò lè máa rọ́ wá. Àlejò wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ. Gbèsè wọ ọ́ lọ́rùn, wọ́n ta ilé náà, wọ́n sì lé e jáde lọ́dún 1969. Ní 2021 ni Faransé gbé e wọ Panthéon, níbi tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni wọn, òun sì ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ bá tún dé Limeuil, níbi tí odò Vézère ti wọnú Dordogne, tó sì tẹ̀ lé Vézère lọ sókè, yóò kan Montignac, níbi tí ihò àpáta Lascaux wà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1940. Àwòrán màlúù àti ẹṣin tó wà lára ògiri rẹ̀ ti lo ohun tó ju 15,000 ọdún lọ láìbàjẹ́. Wọ́n ṣí i fún àlejò lọ́dún 1948. Láàrin ọdún mẹ́wàá, èèyàn bí 1,200 ń wọ̀ ọ́ lóòjọ́, èémí wọn àti ooru ara wọn sì ń ba àwòrán jẹ́. Ohun aláwọ̀ ewé, irú èyí tí ń hù lára ògiri kànga, bẹ̀rẹ̀ sí í bo ògiri náà. Malraux yìí kan náà ló ti ihò náà pa lọ́dún 1963. Àwòkọ rẹ̀ ni àlejò ń wò láti 1983. Kò sí olè nínú wọn, kò sí ẹni tó fọwọ́ ba nǹkan jẹ́. Èémí lásán ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún abúlé. Bí ẹwà rẹ̀ bá ti di ìlúmọ̀ọ́ká, olówó láti ìlú ńlá àti láti òkè òkun a ra ilé síbẹ̀ fún ìsinmi nìkan. Owó ilé a gòkè kọjá ohun tí ọmọ abúlé lè san, fèrèsé a sì wà ní títì pa láti ìgbà òtútù dé ìgbà ooru. Ilé rẹwà, kò sẹ́ni nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ni àlejò tó bá abúlé mu jù, nítorí ó ń wá díẹ̀díẹ̀, ó ń náwó, kò sì gba àyè. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní London, odò yìí kò jìnnà sí yín. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sùn níbẹ̀, ẹ ra búrẹ́dì wọn, ẹ kí wọn. Ẹ̀yin tó sì ń lérí pé ẹ fẹ́ sọ abúlé yín di ibi ìgbafẹ́, ẹ kọ́kọ́ ka iye ibùsùn tó wà níbẹ̀, ẹ wo iye omi tó wà nínú kànga, ẹ sì béèrè ọwọ́ ẹni tí owó náà yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó pe àlejò.