Àṣìṣe Tí Kì Í Ké: Ta Ni Ń Ṣọ́ Ìkànnì Yorùbá?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àṣìṣe orí ìkànnì mu gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ nǹkan sí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a gbà pé bí òǹkàwé kankan kò bá ti fi ẹjọ́ sùn, àlàáfíà ni ìkànnì wa wà. Èrò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àlejò tí ojú-ewé kò ṣí fún kì í sábà kọ lẹ́tà. Ńṣe ni ó ń bá tirẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì bá ojú-ewé òfìfo pàdé, lè gbà pé kò sí ẹni tí ó kọ nǹkan nípa rẹ̀ ní èdè Yorùbá rí. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ṣíṣọ́ àṣìṣe jẹ́ ara iṣẹ́ olóòtú, kì í ṣe ẹrù onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ibi méjì ni àṣìṣe ti lè ṣẹlẹ̀. Èkíní ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí a tọ́jú ìkànnì sí, tí ó ń fi ojú-ewé ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Èkejì ni búráúsà, irinṣẹ́ tí òǹkàwé fi ń wo ojú-ewé náà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nọ́ńbà ni sáfà fi ń dáhùn. Bí ó bá dáhùn pé 200, ohun gbogbo lọ déédéé. Bí ó bá ní 404, ojú-ewé tí a béèrè kò sí níbẹ̀. Bí ó bá sì ní 500, nǹkan dàrú nínú sáfà fúnra rẹ̀. Ó máa ń kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sínú fáìlì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí fáìlì náà wò nìkan ni yóò mọ̀. Àwọn tí ó ń lo WordPress, tí ó jáde ní ọdún 2003, mọ ojú-ewé funfun tí ó máa ń yọjú nígbà tí plugin kan bá ba nǹkan jẹ́. Ọdún 2019 ni ẹ̀dà 5.2 dé, tí WordPress fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í-meèlì ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ìkànnì nígbà tí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀.

Ti búráúsà farasin ju ti sáfà lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ìkànnì kan tí ó ní bọ́tìnì tí a fi ń tẹ ẹ, ọ àti ṣ. JavaScript ni ó ń mú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, inú fóònù òǹkàwé sì ni JavaScript ti ń ṣiṣẹ́. Bí búráúsà náà bá ti gbó, tí kò sì lóye ìlà kan nínú kóòdù, òǹkàwé yóò tẹ bọ́tìnì títí, kò ní dáhùn. Sáfà ní tirẹ̀ ti dáhùn pé 200. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Búráúsà nìkan ni ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí ibi tí òǹkàwé kì í dé.

Ìdí nìyí tí plugin tí ń ṣọ́ àṣìṣe fi wúlò. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ nínú irú irinṣẹ́ yìí ni Sentry, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2008 gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ kékeré fún àwọn tí ó ń lo Django. Lónìí, plugin wà tí ó so ó mọ́ WordPress. Bí ọdẹ àdúgbò ni ó rí: ó fetí kan sí sáfà, ó sì fi kóòdù kékeré sínú ojú-ewé láti fetí kejì sí búráúsà. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, yóò jábọ̀ irú àṣìṣe tí ó jẹ́, ìlà kóòdù tí ó ti wáyé, búráúsà tí ó bá a pàdé àti àkókò rẹ̀. Yóò sì kó àwọn àṣìṣe tí ó jọra pọ̀, kí a lè mọ èyí tí ó ń yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ti 404 ní tirẹ̀, plugin bíi Redirection lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa. Ẹ má fojú kékeré wo àkọsílẹ̀ 404. Ó ń fi ohun tí àwọn ènìyàn ń wá tí wọn kò rí hàn wá.

Síbẹ̀, ọdẹ yìí kò gbọ́ Yorùbá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi wà. Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni a fi ń tọ́jú lẹ́tà ẹ. Bí ẹ̀rọ bá ṣì í kà bí ẹni pé Windows-1252 ni, ẹ yóò di áº¹, ṣ yóò sì di á¹£. Èyí tí ó burú jù ni ti dátábéèsì. Títí di ìgbà tí MySQL 8.0 fi dé ní ọdún 2018, latin1 ni MySQL máa ń lò bí a kò bá yan òmíràn fún un. Latin1 kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Bí a bá gbé wọn fún un, tí a kò sì ti pàṣẹ pé kí ó kọ ohun tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ni yóò fi rọ́pò wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí a fi ń kọ́ni ní àmì ohùn: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Lẹ́tà ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode; ọ ni a ń kọ, kí a tó fi àmì ohùn lé e lórí. Nítorí náà, ọkọ yóò di ?k?, ọkọ̀ àti ọkọ́ yóò di ?k??, ọ̀kọ̀ yóò sì di ??k??. Ẹni tí ó gbé ọkọ́ lọ sí oko àti ẹni tí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ti di ọ̀kan náà. Kí ni sáfà yóò sọ? 200. Búráúsà ńkọ́? Kò ní sọ nǹkan kan. Plugin yóò jábọ̀ pé ilé dákẹ́, nígbà tí olè ti kó ẹrù tán.

Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí ó ti di áº¹ ṣeé tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí pé báìtì rẹ̀ ṣì wà. Èyí tí ó ti di àmì ìbéèrè nínú dátábéèsì ti lọ; àfi bí a bá ní ẹ̀dà mìíràn nípamọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi plugin ṣọ́ sáfà àti búráúsà, kí a sì fi ìṣọ́ kẹta kún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin òkè yìí sí ojú-ewé kan tí ó ń ti inú dátábéèsì wá. Ẹ wá lo irinṣẹ́ tí ń ṣí ojú-ewé lóòrèkóòrè láti wò bóyá ọ̀rọ̀ kan pàtó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀kọ̀ bá di ??k??, yóò kígbe. Ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kan náà pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tuntun lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá gbé ìkànnì lọ sí sáfà mìíràn.

Àwọn kan yóò ní irú ìṣọ́ yìí lè di ìtojúbọ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nàìjíríà ní òfin ìdáàbòbò dátà láti ọdún 2023, kò sì sí ìdí tí ìròyìn àṣìṣe fi gbọ́dọ̀ gbé orúkọ òǹkàwé tàbí ohun tí ó tẹ̀ lọ. Ohun tí a nílò láti fi tún àṣìṣe ṣe nìkan ni kí a gbà. Kí a sì rí i pé fáìlì àkọsílẹ̀ àṣìṣe kò sí ní ibi tí gbogbo ayé ti lè kà á.

Ní ọdún 1875, àwọn àgbà pé jọ ní Èkó lábẹ́ ìjọ CMS nítorí àkọtọ́ Yorùbá. Ní 1974, ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Wọn kò ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí ọ̀ṣọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè níbi tí ọ yẹ kí ó wà, ẹ má kàn kọjá lọ. Ẹ ya àwòrán ojú-ewé náà, ẹ kọ orúkọ búráúsà àti àkókò sí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ìkànnì. Títí ẹ̀rọ yóò fi gbọ́ Yorùbá, àwa ni a óò máa ṣe etí fún un.