Nígbà Tí Ilẹ̀ Ìta Bá Ga Mọ́ Ògiri

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín, kí ẹlòmíràn má baà ṣe irú àṣìṣe tí èmi ṣe.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ní kí n fi tún àgbàlá ilé bàbá mi ṣe, nítorí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń yọ àwọn àgbà ṣubú. Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni a fi rẹ́ ẹ. Bíríkìlà da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, ó gbé e lu ògiri pinpin, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀ yàrá ìyá mi. Tẹbí-tará yìn mí. Èmi náà ń yan.

Òjò ọdún kan péré ni ó rọ̀ sí i. Ògiri yàrá ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù láti ìsàlẹ̀ dé orókún, ọ̀dà ń ṣí, ìyọ̀ funfun sì ń yọ lára rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Mo ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì líle tún un rẹ́, mo sì kùn ún. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ọ̀rinrin fi gun òkè sìmẹ́ǹtì tuntun, ó dé ìbàdí.

Ìyá mi kò wí nǹkan kan. Ọjọ́ tí a ń lọ síbi ìgbéyàwó kan ni wọ́n ṣí àpótí tí ó wà lẹ́bàá ògiri. Aṣọ òfì tí bàbá mi rà fún wọn ti bu, ó ń ya bí ìwé. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ kò tètè sọ fún mi?" Wọ́n ní, "Àkànní, ìwọ lo fi owó rẹ ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹnu wo ni n ó fi sọ pé kò dára?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju aṣọ lọ.

Bàbá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà ni ó là mí lóye. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ti ri ẹsẹ̀ ilé bọ omi." Amọ̀ àti búlọ́ọ̀kù a máa fa omi gòkè bí òwú fìtílà ti ń fa epo. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ ọ̀rá sórí ìpìlẹ̀ ilé búlọ́ọ̀kù kí wọ́n tó mọ ògiri lé e. Bí ilẹ̀ ìta bá ga kọjá ọ̀rá yìí, omi ti rí ọ̀nà gbà. Ilé alámọ̀ kò tilẹ̀ ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, bí ó bá já lu kọnkéré, a máa ta sí ògiri. Sìmẹ́ǹtì líle tí mo sì fi bò ó, ńṣe ni ó sé omi mọ́ inú amọ̀. Bí ẹsẹ̀ ògiri alámọ̀ bá sì rọ̀, ó lè wó.

Ohun tí a ṣe nìyí:

1. A gé kọnkéré kúrò lẹ́bàá ògiri, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 1. A gbẹ́ ibẹ̀ títí ó fi fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá lọ. Ẹ má gbẹ́ ẹ dé abẹ́ ìpìlẹ̀ o!

2. A da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kòtò náà, a sì la ojú rẹ̀ sí gọ́tà. Bí omi kò bá rí ọ̀nà jáde, ẹ ti gbẹ́ odò fún ilé nìyẹn.

3. A tún ojú kọnkéré yòókù ṣe kí ó dà sí òde, kí ó máa fi íǹṣì 1 rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 kọ̀ọ̀kan.

4. A fi páànù gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ létí òrùlé.

5. A ha sìmẹ́ǹtì tí ó ti rin kúrò nínú yàrá, a fi ògiri sílẹ̀ ní odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kí ó gbẹ, kí a tó fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ.

Bákan náà ni ti ẹni tí ó fẹ́ to ìńtálọ́ọ̀kù síwájú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọn íǹṣì 6 yẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fi pákó sábẹ́ ẹrù aṣọ, ẹ má sì jẹ́ kí ó kan ògiri. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ wo ẹ̀yìn yàrá tí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ yín wà.

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ilẹ̀ ni ó ṣẹ̀, ògiri ni mo ń rẹ́. Yàrá ìyá mi ti gbẹ báyìí, ṣùgbọ́n aṣọ òfì bàbá mi kò lè padà mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.