Ẹ̀yin Ọ̀gá, Ẹ Kọ́ Ìrìnpọ̀!

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ la fẹ́ sọ lóṣù yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ìjọba fi ṣe olórí iléeṣẹ́ gbogbo ni. Ìwé wọn pọ̀, oyè wọn gùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe: wọn kò mọ bí a ti í bá ọ̀gá iléeṣẹ́ mìíràn ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni ìyà àìmọ̀ yìí sì ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan tó ṣojú wa. Ní ọdún kan, àwọn tó ń la títì fi katakata já páìpù omi ńlá ní àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta yìí. Àwọn tó ni títì kò béèrè ibi tí páìpù gbà. Àwọn tó ni páìpù mọ̀ pé iṣẹ́ títì ń bọ̀, wọn kò sọ̀rọ̀. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀ lórí ẹni tí yóò sanwó àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn ìyá wa ń ru garawa gun àpáta. Àwa tí a wọ aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń bú nínú ọkọ̀: "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ẹ ń gbowó ìjọba, ẹ ò fún wa lómi!" Ọ̀gá kì í wọ ọkọ̀ èrò, kò gbọ́ èébú kankan.

Bí ẹ bá rò pé páìpù kan kéré, ẹ wo dáàmù Ọ̀yán. Odò Ọ̀yán ń ṣàn sínú odò Ògùn, odò Ògùn ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó. Ní 1976 ni ìjọba ológun dá àwọn àjọ ìdàgbàsókè agbègbè odò sílẹ̀ káàkiri, ti Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀kan, ìpínlẹ̀ ló ni èkejì. Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù náà ní 1983, pé kó pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, kó bomi rin oko, kó sì mú iná wá.

Ẹ wá ka àwọn tọ́rọ̀ kàn. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn omi, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹni tó ń fa omi ní Abẹ́òkúta, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ẹni tó ń fà á fún Ìjù àti Adíyàn, ti Èkó ni. Àwọn tó ń pín iná tí a fi ń fa omi, láti 2013, iléeṣẹ́ aládàáni ni wọ́n. Odò kan ṣoṣo, ọ̀gá mẹ́rin!

Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́ta ni wọ́n gbé sí Ọ̀yán, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta-mẹ́ta. Títí di 2007, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlélógún, wọn kò tíì lò wọ́n. Ẹni tó lómi kò ní wáyà, ẹni tó ní wáyà kò lómi, àwa sì ń ra àbẹ́là.

Ní 2010, nígbà tí omi dáàmù pọ̀ jù tí wọ́n ṣí i, ó lé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé ní ìsàlẹ̀ odò, ní ààlà Ògùn àti Èkó. A kò ní kí wọ́n má ṣí omi o. Dáàmù tí a kò bá ṣí lásìkò lè ya. Ẹ rántí Maiduguri ní oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí dáàmù Alau ya, tí omi bo ìlú. Ìbéèrè wa ni pé: ta ló gbọ́ ṣáájú? Bí ìkìlọ̀ bá dé ọ́fíìsì, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń yan gààrí lẹ́bàá odò?

Ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Keje 2018, àgbàrá òjò gbẹ̀mí èèyàn ní Abẹ́òkúta. Ìyẹn kì í ṣe ti dáàmù. Òjò ńlá ni, ó bá ilé lójú omi, ó bá gọ́tà tó dí. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́, ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà àti ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ́fíìsì wọn. Omi kò béèrè ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni kó tó wọlé.

Àwọn kan yóò ní owó ni kò sí, òfin ló yà wọ́n nípa. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èló ni ìpè tẹlifóònù kan? Òfin wo ló ní kí ọ̀gá méjì má jókòó pọ̀? Mali, Mauritania àti Senegal, orílẹ̀-èdè mẹ́ta, dá àjọ kan sílẹ̀ lórí odò Senegal ní 1972. Senegal àti Mauritania tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jagun ní 1989. Síbẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ni dáàmù Manantali, wọ́n sì jọ ń pín iná rẹ̀. Bí àwọn tó ń fa ìbọn síra wọn bá lè pín iná, kí ló ń ṣe àwọn tó jọ ń gbowó lápò Nàìjíríà kan náà?

Kí wá ni ọ̀gá ní láti kọ́? A lè sọ ọ́, nítorí inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni àwa ti kọ́ ọ. Èkíní, kó mọ iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, kó mọ ohun tí òfin gbà á láyè láti ṣe àti ohun tí kò gbà. Èkejì, kó lè tẹ́tí, kó sì gbọ́ ti ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn omi, nítorí ojú onítọ̀hún ló ń rí odò. Ẹ̀kẹta, kó tètè sọ ìròyìn burúkú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ̀kẹrin, kó mọ̀ ọ́n dúnàá-dúrà: kó gbà níbí, kó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kó kọ àdéhùn sílẹ̀, kó sì mú un ṣẹ. Ẹ̀karùn-ún, èyí ló nira jù, kó lè ṣiṣẹ́ tán kí wọ́n fi orúkọ ẹlòmíràn pè é.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kò ṣàjèjì sí èyí. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó èèyàn ìlú oríṣiríṣi wá sábẹ́ Olúmọ, Òwu sì dé lẹ́yìn wọn. Olúkúlùkù gbé oyè tirẹ̀ dání, síbẹ̀ wọ́n jọ mọ odi yí ìlú ká. Ní àwọn ọdún 1940, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin alákọ̀wé bá àwọn ìyá ọlọ́jà dàpọ̀. Alákọ̀wé ń kọ́ ọlọ́jà níwèé, ọlọ́jà ń kọ́ alákọ̀wé ní ohun tí owó orí ń ṣe fún wọn. Wọ́n jà títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní January 1949. Ta ló rán ọ̀kankan nínú àwọn ọlọ́jà yẹn lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso lókè òkun?

Kí a má parọ́, àwa náà jẹ̀bi. Òṣìṣẹ́ omi ń daṣẹ́ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ iná kò mọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ń sunkún owó oṣù, a ní kò kàn wá. Nítorí náà, ọwọ́ tiwa la ó kọ́kọ́ fọ̀. Kí aṣojú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá orúkọ àti nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iléeṣẹ́ mìíràn tí iṣẹ́ wọn jọ kan ara wọn, kó sì mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kò pọ̀. Kí àwọn tó ni dáàmù, omi, iná, títì àti gọ́tà máa jókòó pọ̀ lóṣooṣù, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi dá. Kí òṣìṣẹ́ ní àga níbẹ̀. Kí wọ́n lẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ ara pátákó níta, kí gbogbo ìlú mọ ẹni tó ṣèlérí àti ẹni tí kò mú un ṣẹ.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí oká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ rìn pọ̀. Bí ẹ bá kọ̀, àwa òṣìṣẹ́ yóò rìn pọ̀ wá bá yín.